Latifah Kò Gbọdọ̀ Ṣáájú Ìyá Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún Latifah pé jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe é, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mabera, ní Sokoto níbí, ó parí irun obìnrin kan tó ti ń dúró, ó sì bi mí bóyá iná ti dé. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo ní, "Kí ni dókítà wí?" Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ilé fún àlejò. Èmi ni mo bú sẹ́kún, inú sì bí mi sí i.

Bí ìtọ́jú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù, wọn á fa oògùn sí i lára, á dé, á bì, á sì tún mú kóòmù. Nígbà tí irun orí rẹ̀ ń já, ó gbá a pọ̀ mọ́ irun àwọn oníbàárà, ó dà á nù. Mo ní ṣé kò dùn ún ni? Ó ní òun ò mọ̀. Mo sì gbà pé kò mọ̀ lóòótọ́.

"Kí lo wá ń tìtorí ẹ̀ gba gbogbo abẹ́rẹ́ yìí?"

"Màmá mi ni."

Ọmọ mẹ́ta ni màmá rẹ̀ bí. Méjì ti kú ní Ìlọrin, wọ́n sì fi ikú wọn pa mọ́ fún ìyá títí wọ́n fi sin wọ́n, torí àwa Yorùbá kì í jẹ́ kí òbí rí sàréè ọmọ rẹ̀. Latifah ló lọ mú un wá sí Sokoto. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta á pa á," ó ní. "Kí n ṣáà kọ́kọ́ sin ín ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wu ikú ni kó ṣe."

Mo ní irú ìdí wo nìyẹn? Kí ènìyàn máa wà láàyè torí àtisin ìyá rẹ̀!

Ó wá fi àìsàn náà pa mọ́ fún ìyá. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ìyá ló ń dirun fún Latifah láti kékeré. Ni onídìrí bá di ẹni tí ń wọ híjáàbù nínú yàrá, ó ní ẹ̀sìn ló wọ òun lára. Irọ́ burúkú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tó gba oògùn tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti gbé e. Èmi ni mo fi kẹ̀kẹ́ gbé e délé. Ìyá ò bèèrè nǹkan kan. Ó bọ́ híjáàbù náà, ó fi omi tútù nu orí pípá ọmọ rẹ̀, ó wá bu kókó, ẹ̀kọ gbígbóná, sínú abọ́.

"Àlàkẹ́," ó ní, oríkì ló fi pè é, "ṣé o rò pé mi ò mọ̀?"

Latifah ò gbójú sókè. "Ẹ má bínú, màmá. Ọlọ́run ni mò ń bẹ̀ kí n má ṣáájú yín."

"Haba! Èmi náà ń bẹ̀ ẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún un pé kó má tíì mú mi lọ. Bí mo bá kú, ta ló máa se kókó fún ọ?"

Mo rò pé ọ̀kan nínú wọn á sunkún. Kò sẹ́ni tó sun ún.

"Ó wá di pé kò sẹ́ni tó lè kú nínú wa báyìí?" Latifah bi í.

"Kò sí," ni ìyá wí, ó gbé ṣíbí kókó sún mọ́ ẹnu rẹ̀. "Lanu."