Ọjọ́ Tí Kíláàsì Mi Gbin Iṣu Ìṣínu

Bí mo bá gbàgbé ọjọ́ mìíràn, n kò lè gbàgbé ọjọ́ kan nínú oṣù ààwẹ̀ tí mo fẹ́ fi han gbogbo ìlú wa, Kambolé, pé mo ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ dé láti Sokodé.

Ní Sokodé, wọ́n ní eré àti erùpẹ̀ ni ká máa fi kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kíláàsì jardin mi, ìyẹn jẹ́lé-ó-sinmi, síta, Ráfíátù ọmọ mi wà láàárín wọn. A kọ ebè kéékèèké, a kà á, a gé iṣu, a bò ó mọ́lẹ̀. Mo wá pariwo bí ẹni tó dá iṣu sílẹ̀ láyé: “Ẹni tó bá gbìn ló máa jẹ!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí mi wú.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá wọn rọ́ dé ilé mi.

“Tántì, kí lẹ kọ́ àwọn ọmọ wa? Iṣu tí a gé sílẹ̀ fún ìṣínu, wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ ní àgbàlá!”

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Bí wọ́n ṣe lọ tán ni mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní wọn ò mọ ọmọ ṣọ́. Mo wọ ilé ìdáná láti se tèmi. Igbá iṣu ti ṣófo.

Ráfíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, erùpẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀. “Ìyá, tiwa ni mo kọ́kọ́ gbìn.”

Kí n tó hú u, ládàánì ti pe ìrun mọ̀ǹgàríbà. Gààrí ni mo fi ṣínu.

Òkúta la fi ń ṣe iṣu ní kíláàsì mi báyìí. Ráfíátù sì ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìyá òun ò mọ̀ pé òkúta kì í hù.