Omi Àlejò

Àwọn ọmọ náà sunkún gan-an lọ́jọ́ náà. Ilé tí wọ́n ń kó ẹrú sí láyé ọjọ́un ní Àgbádárìgì ni mo máa ń kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀dọ́ tó bá yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìlú lọ, kí wọ́n fọwọ́ kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kí wọ́n mọ ohun tí ojú èèyàn dúdú rí lọ́wọ́ ẹni tó ka àwọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbin. Géńdé kan ń nu ojú, ó ní, "Mà, báwo lèèyàn ṣe lè wo èèyàn bíi tiẹ̀ kó wá rí ẹran?" Inú mi dùn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjànikin ni mí, ẹkún akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń tètè tàn wá jẹ.

Ẹnu dùn-ún rofọ́. Ọjọ́ yẹn náà la wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé Ègùn kan lódìkejì ọ̀sà, a fẹ́ bá wọn gbẹ́ ṣáláńgá. Ìyá àgbà tó ni agbo ilé náà gbé igbá omi jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: onílé á kọ́kọ́ mu díẹ̀ kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí aburú nínú ẹ̀, á wá gbé e fún un. Ẹni tí kò bá mu ún kò tíì wọlé, bó tiẹ̀ jókòó sórí àga. Mo ti ṣàlàyé èyí fún wọn nínú ọkọ̀. Ìyá mu, èmi náà mu, ló bá kan géńdé tó sunkún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa píọ̀ wọ́tà yọ nínú báàgì, ó já a, ó mu ún lójú ìyá. Èyí tó tẹ̀ lé e ní òun ń gbààwẹ̀, èmi tí mo rí i tó ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀! Mo gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn mi: "Omi Ègùn kọ́ ni màá mu. Ta ló mọ nǹkan tí wọ́n fi sí i?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀rín tiẹ̀ ló dùn mí jù, nítorí ọmọ Ègùn ni. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni mo ti máa ń ra àgbọn ní Gbájì, èdè Ègùn sì ni tìyá tọmọ jọ ń sọ nídìí igbá ọjà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀. Yorùbá rẹ̀ já gaara. Nígbà tí igbá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó mirí.

Ìyá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó da omi tó kù sílẹ̀, ó ní kí a máa lọ sílé, àwọn ọmọ òun á gbẹ́ ihò wọn fúnra wọn. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo já píọ̀ wọ́tà yẹn. Nínú ọkọ̀, mo bú wọn débi pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ń bẹ̀ mí. Ó ku díẹ̀ kí n nawọ́ sí ọmọbìnrin náà pé, "Ègùn rèé, ṣebí ẹ jọ ń jẹun!" Mo wò ó, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ẹnu tirẹ̀ ni mo fẹ́ kó ti jáde.

Mo padà lọ bẹ ìyá, ó sì gbà kí a tún wá. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ padà lọ, ọmọbìnrin yìí ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi kí n tó múra tán. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣáájú wọn." Àwa méjèèjì la wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́.

Bí ìyá ṣe gbé omi dé, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó mu ún, ó sì sọ̀rọ̀ ní Ègùn. N kò gbọ́ púpọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ìyá pàtẹ́wọ́, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ ará wa ní ìlú Apá ni!" ló wí fún mi. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ, ojú ọmọ náà sì tú ká, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ń rò ó lọ́kàn pé lónìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé igbá fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ni a bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kejì. Ọmọ náà dìde, ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀ nù, ó wá dúró lẹ́yìn mi. Ìyá ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà táwọn yòókù gúnlẹ̀. Ọmọ náà kọjú sí mi, ó sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Mà, kí ni màmá yìí ń sọ?"

Ìyá wo ọmọ náà, ó wò mí. Àánú ọmọ náà ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i. Ìyá wọlé, ó bu omi mìíràn, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún géńdé yẹn. Géńdé náà dijú, ó mu ún, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Àwọn yòókù mu ún bí mo ṣe kọ́ wọn. Wọ́n ṣe dáadáa. Lójú ẹni tó bá ń wò wá, ẹ̀kọ́ mi ti yọrí sí rere.

Igbá wá kan ọmọbìnrin náà. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, ó sì fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, kí ẹni tí kò gbọ́ Ègùn lè gbọ́.

"Àlejò," ó ní, "gba omi."