Mo Wá Kí Yín Ni, Sà

Ọdún kẹta tí mo ti ń kàwé ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì n'Ílọrin ni mo kọ orí kẹrin ìwé ìwádìí mi tán. Orin wákà ni mo ń ṣèwádìí lé lórí, orin tí àwọn obìnrin ìlú wa máa ń kọ níbi ìgbéyàwó àti nígbà tí wọ́n bá ń kí ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Orí kẹrin yẹn, ìyá mi ló ni ín. Àwọn ni wọ́n kọ gbogbo orin inú ẹ̀ fún mi, lórí ẹní, nínú yàrá wọn ní Ṣàngó, tí mo gbé fóònù síwájú wọn kó máa gba ohùn sílẹ̀. Tí mo bá ní kí wọ́n tún ìlà kan kọ, wọ́n á ní, "Ìwọ Dókítà yìí, ṣé etí ẹ di ni?" Dókítà kọ́, dókítà ni! Mi ò tíì gba nǹkan kan.

Kéwú nìkan ni ìyá mi kà. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí: tí ọ̀gá mi ní yunifásítì bá ti wo orí náà, tó sì ní ó dáa, kí n wá jókòó tì wọ́n, kí n túmọ̀ òyìnbó inú ẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà yẹn, kíndìnrín ti ń dà wọ́n láàmú, àwọn dókítà ilé ìwòsàn sì ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n má fọkàn sí ọdún púpọ̀. Mi ò sọ fún ìyá mi. Mo kàn rò ó pé kí orí kẹrin yìí sá ti yá.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà. Ó ní, "Ó dáa, fi sórí tábìlì." Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́rú ni mò ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Ṣàngó dé Challenge, tí n óò tún wọ mọ́tò lọ sọ́gbà ilé-ìwé. Ẹni tó kàwé nílùú òyìnbó lè má mọ̀ ọ́n o, ṣùgbọ́n níbi tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ kì í bi ọ̀jọ̀gbọ́n pé, "Ṣé ẹ ti ka iṣẹ́ mi?" Ta ni ẹ́, tó o fẹ́ máa kán àgbà lójú? Èèyàn máa ń lọ kí i ni. Tó bá ti rí ojú ẹ, á rántí. Mo bá ń kúnlẹ̀: "Mo wá kí yín ni, sà." Á ní, "O káre," á sọ̀rọ̀ oòrùn tàbí ti iná tí wọ́n mú lọ, n óò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," n óò sì padà sílé.

Nílé, ìyá mi á bi mí pé, "Ṣé ọ̀gá ti wò ó?" Wọn ò tíì wò ó, Màmá. "Sùúrù ni, ọmọ mi." Wálláhì, inú mi a máa ru! Mo máa ń bú ọkùnrin yẹn kanlẹ̀ nínú yàrá mi, ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀ báyìí, mo ti di àgùntàn. Ojo ni mí, kí n má parọ́.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀gá sílẹ̀, kí n kà á fún yín báyìí." Wọ́n fi ojú wọn tó ti wú wò mí. "Rárá o. Ohùn mi ni, mo kúkú mọ ohun tí mo kọ. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni pé àwọn alákọ̀wé gbà pé ọgbọ́n ni." Mi ò tún dá a lábàá mọ́.

Ẹsẹ̀ wọn wú, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Ọjọ́rú kan, àbúrò mi obìnrin wà lọ́dọ̀ wọn, mo ní mi ò lọ síbì kankan. Ìyá mi fúnra wọn ló ní, "Lọ kí ọ̀gá ẹ. Bóyá tòní á yàtọ̀." Mo lọ. Mo pa fóònù kí n tó wọlé, nítorí a kì í jẹ́ kí fóònù ké níwájú ọ̀gá. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo jáde. Bí mo ṣe tan fóònù ni àbúrò mi pè. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀." Aṣọ funfun ni mo bá lára ìyá mi, kí wọ́n sì tó kírun Alásàrì, a ti sin wọ́n.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé-ìwé. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo lọ. Láti Challenge ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi. Kí ló tún kù tí mò ń bẹ̀rù? Mo kúnlẹ̀, mo sì bi í lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí kẹrin mi ńkọ́?"

Ẹnu yà á. "Orí kẹrin? Mo ti kà á tán tipẹ́!" Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀, ó yọ ọ́ síta. "Láti ìgbà òjò ló ti wà níbí. O ò béèrè. Gbogbo ìgbà lo ní o wá kí mi ni, mo ní ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o, bóyá ó ti ń kọ orí karùn-ún lọ."

Ní ìgbà òjò, ìyá mi ṣì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo di bébà náà mú, mi ò lè ṣí i.

"Iṣẹ́ gidi ni," ó ní. "Ta ni ìyá tó kọ orin yẹn gan-an?"

"Ìyá mi ni, sà."

Ojú ẹ̀ tàn. "Áà! Màmá ńkọ́?"

Ẹnu mi ti dáhùn kí ọkàn mi tó débẹ̀. "Wọ́n wà, sà."

"Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé mo ní ọlọ́gbọ́n ni wọ́n."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Wọ́n á gbọ́, sà."