Àárín Pápá ní Rumuigbo

Wẹ́dà ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, sùúrù mi ò sì tó nǹkan. Kí ẹ ti mọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Rumuigbo, ní Port Harcourt, ní àwọn ọdún 1980, ìjà ló kọ́kọ́ pa èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò pọ̀. Àárín títì ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn a sì máa gbá a wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí iná ti ń ta pàrà. Mo gba bọ́ọ̀lù yẹn títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ kan ni mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kékeré tó máa ń ṣọ́ gólì. Mo ju irin ọwọ́ mi sílẹ̀, mo ní kí gbogbo wọn tẹ̀ lé mi.

Bàbá àgbà kan, ọmọ Ikwerre tí í ṣe onílẹ̀ àdúgbò náà, ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi tí koríko ti bò. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wo àwọn ọmọ náà, kò sí ẹni tó wọ bàtà nínú wọn, ó ní ká lọ máa gbá a níbẹ̀. A ro koríko, mo fi àlòkù páìpù jó òpó gólì. Ṣé èmi mọ bọ́ọ̀lù kọ́ni ni? Ariwo lásán ni mo mọ̀ ọ́n pa. Síbẹ̀ kóòṣì ni wọ́n ń pè mí, orí mi sì ń wú. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn àti gbogbo ará ilé wọn ń há mọ́. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè sáré tẹ́rùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, bàbá á gbé àga rẹ̀ jáde, á máa bú rẹfirí. Èmi ni rẹfirí ọ̀hún. Píjìn la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ ìlú ń fẹ̀. Àwọn ọmọ bàbá fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò le mọ́, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ọjọ́ tó bá kú ni pápá wa lọ. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ó ní òun ti mú kí àwọn ọmọ òun búra pé inú pápá náà ni wọ́n máa sin òun sí.

"Tí wọ́n bá sin mí sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ta ìyókù," ó ní. "Àárín gan-an ni. Ta ló máa ra ilẹ̀ tí mo sùn sí láàárín?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú koríko. Ẹ má gbàgbé ibi tí mo ti wá. Ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, pálọ̀ la sin bàbá bàbá mi sí. Orí sàréè rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìrìn, ibẹ̀ la ti ń jẹun, ibẹ̀ la sì ń sùn sí nígbà ooru torí pé sìmẹ́ńtì rẹ̀ máa ń tutù. Èmi rò pé a ó kàn máa gbá bọ́ọ̀lù yí bàbá ká ni, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Bàbá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ mú ìlérí ṣẹ, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àárín pápá ni wọ́n sin ín sí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n, wọ́n kùn ún ní funfun. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wá wò ó, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo fọn fèrè. Kò sí ọmọ tó wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kiri lọ bá àwọn ìyá wọn, tí oúnjẹ òòjọ́ kó wọn wá láti ìlú oríṣiríṣi. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọn ò sì gbà fún mi. Ìyá ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ gólì sọ pé níbi tí wọ́n ti bí òun, èèyàn kì í sáré nítòsí òkú, áńbọ̀sì kó máa gbá bọ́ọ̀lù. Mo sọ ti pálọ̀ wa fún un. Ó wò mí bí ẹni pé iná wẹ́dà ti kó sí mi lórí. Inú bí mi, n kò sì rí ẹni tí mo máa bínú sí. Ṣé bàbá tó fẹ́ràn wa ni?

Àkọ́bí bàbá, tó ti fẹ́ ta ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá bá mi ní pápá. Ó ní ká máa gbá bọ́ọ̀lù wa, àwọn ò lé wa. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú òun náà pọ́n bí ẹni tó ti sunkún.

Ọjọ́ kan, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà dúró sí etí pápá, wọ́n ń yọjú. Mo rọra gbá bọ́ọ̀lù wọ inú pápá kí wọ́n lè sáré tẹ̀ lé e. Ó yí lọ, ó lọ dúró lára sàréè. Kò sí ẹni tó mira. Ọmọbìnrin yẹn gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún fà á padà, ó wo ojú mi.

"Kóòṣì, tí a bá gbá a lu bàbá, ṣé kò ní dùn ún?"

Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé bọ́ọ̀lù náà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá, mo jókòó tì í, mo sunkún lójú àwọn ọmọ.