Alága Ilé Etí Odò

Iṣẹ́ kan wà láyé tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sọ ọ́ fún yín, ẹ ó ní ó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Iṣẹ́ ìjókòó. Mi ò sọ pé kéèyàn jókòó ránṣọ, tàbí kó jókòó ti ọjà. Ìjókòó lásán ni mò ń wí. Màmá kan ló ń ṣe é nínú ilé pupa alájà kan tó wà létí odò, àwọn ará àdúgbò sì ti fi oyè dá a lọ́lá. Alága ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní, "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o!" Òun náà á dáhùn pé, "Ẹ ṣeun o, ìpàdé ti parí!" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ, báàgì rẹ̀ lápá.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sanwó fún èèyàn kó máa jókòó? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n là á yé yín. Orílẹ̀-èdè kékeré ni ibẹ̀. Kò ní epo, kò ní góòlù, ilẹ̀ rẹ̀ ò sì tó dáko tó nílàárí. Ohun kan ṣoṣo tó rí polówó ni owó-orí pọ́ọ́kú. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà láwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, ó ní, "Ẹ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ sọ́hùn-ún kí wọ́n máa ṣiṣẹ́. Orí yín nìkan ni kẹ́ ẹ gbé wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí màá gbà lọ́wọ́ yín ò ní í dùn yín." Àwọn ilé-iṣẹ́ bá ń wọ́ wá. Ṣùgbọ́n òfin ní ilé-iṣẹ́ tó bá ní ibẹ̀ lòun ń gbé gbọ́dọ̀ ní yàrá, yàrá gbọ́dọ̀ ní àga, èèyàn ẹlẹ́ran ara sì gbọ́dọ̀ máa jókòó sórí àga náà. Òfin ò sọ pé kí ẹni náà ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni Alága ti ríṣẹ́, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ìkùukùu ṣì bo ojú odò mọ́lẹ̀, á ti máa gun àtẹ̀gùn lọ. Á ṣí ilẹ̀kùn kan, á tan iná, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o," á jókòó díẹ̀, á tún kọjá sí yàrá mìíràn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n fín in sára irin tó ń dán. Kò mọ ohun tí ìkankan nínú wọn ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un, ló bá fúnra rẹ̀ pín iṣẹ́ fún wọn. Yàrá tó máa ń tutù lókè pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú òjò sí. Èyí tí àga rẹ̀ ń dún yẹn, bàbá arúgbó kan ló ni ín, ìrọ̀rí ló ń tà. Èyí tí oòrùn máa ń wọ̀ lọ́sàn-án, àwọn tọkọtìyàwó kan ni wọ́n jọ ni ín, wọ́n sì ti ń jà. Nígbà míì oorun á gbé e lọ lórí àga, á máa lálàá pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà jáde sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń kí ara wọn bí ayálégbé, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ẹni tó ń lo omi jù. Tó bá jí, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Inú rẹ̀ a máa dùn nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, kí n má purọ́ fún yín.

Yàrá kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Fèrèsé yàrá náà kọjú sódò. Láti ibẹ̀ ló ti ń rí afárá, bí ìkùukùu bá sì ká, á rí òrùlé ìlú tó wà lódìkejì, níbi tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni ọ̀hún o, ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè àgbègbè náà ti para pọ̀ ṣe ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé kan, ìyẹn ni kò fi sí ibodè lórí afárá. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹ́ pé níbo lò ń lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, Alága á fẹsẹ̀ rìn kọjá bí ẹni ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀. Ọmọ náà sì ti lóyún. Oyún ti wálẹ̀ lára rẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀rù èyí sì ń ba gbogbo wọn débi pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ìyá yìí ń fẹ́ láyé kò ju ọ̀kan lọ: kí ọmọ òun bí ọmọ yìí láyọ̀, kí òun sì wà níbẹ̀.

Ní àsìkò yẹn ni rédíò bẹ̀rẹ̀ wàhálà tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè aládùúgbò ní ó ti tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè kékeré yìí ń fi owó-orí pọ́ọ́kú já oníbàárà gbà mọ́ àwọn lọ́wọ́, àwọn sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣẹgbẹ́ nìyẹn? Kó gbé owó-orí rẹ̀ sókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó bọ́ síta. Wọ́n tún ní àwọn máa rán aṣèbẹ̀wò wá wo àwọn yàrá ọ̀hún, bí wọ́n bá sì ṣófo, àwọn á lé e. Àwọn ará orílẹ̀-èdè kékeré náà fárígá. "Ṣé tipátipá ni ẹgbẹ́? Kí wọ́n lé wa, ká wò ó!" Àwọn ọkùnrin tí kò tíì kọjá afárá náà rí láyé wọn ló ń pariwo jù, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Alága mọ̀ pé bí wọ́n bá lé wọn, wọ́n á gbé ibodè sórí afárá, á sì di pé kéèyàn gba ìwé àṣẹ kó tó kọjá.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó bá ọmọ rẹ̀ tó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

"Kí làwọn nọ́ọ̀sì wí lọ́sẹ̀ yìí?"

Ọmọ wo ọkọ rẹ̀. "Wọ́n ti ti ilé ìgbẹ̀bí pa, Màmá."

"Ta ló tì í?"

"Àìsówó ni," ọkọ ọmọ rẹ̀ ló dáhùn. Aránbàtà ni, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ìka rẹ̀ le nítorí abẹ́rẹ́ àti òwú. "Owó-orí ilé bàtà wa ló ń gbé e dúró láti ọjọ́ yìí. Ọ̀gá wa ti gbé orí ilé-iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, Màmá. Àwa ṣì ń rán bàtà níbí o, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín la wà. Yàrá kan ni gbogbo ẹ̀, nínú ilé pupa kan létí odò. Wọ́n ní ẹnì kan ń jókòó síbẹ̀." Ó na ọwọ́ sí fèrèsé. "Iná ẹ̀ nìyẹn."

Màmá wò ó. Lódìkejì odò, nínú ìkùukùu, iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan ń tàn nínú fèrèsé kan, fèrèsé yàrá tó fẹ́ràn jù lọ. Ó gbàgbé láti pa á lánàá ni.

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé Màmá ń bójú tó ọ́fíìsì àwọn kan, wọn ò bi í rí pé irú ọ́fíìsì wo. Ó ní kí wọ́n bu omi fún òun.

"Ẹ má yọnu, Màmá," ọmọ rẹ̀ ní. "Ilé ìwòsàn ọ̀dọ̀ yín ni n óò wá bí i sí. Kò jìnnà. Kí afárá ṣáà ti wà ní ṣíṣí."

Bó ṣe ń lọ sílé, ó dúró láàárín afárá. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Òun ló ń jókòó lé ilé ìgbẹ̀bí ọmọ òun lórí. Bó bá sì dìde lórí àga, tí àwọn aṣèbẹ̀wò rí i pé ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀, wọ́n á lé orílẹ̀-èdè rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ́, afárá á tì. Omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, kò bá a dá sí i. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó lọ sùn.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kúrò ní yàrá etí odò mọ́. Ó pa yàrá òjò tì, ó pa ti onírọ̀rí tì. Láàárọ̀ títí dọ̀sán, ibẹ̀ ló wà tó ń wo afárá, bóyá ẹnì kan á sáré kọjá wá sọ fún un pé ọmọ ti ń rọbí. Nígbà míì ó máa ń dà bíi pé àga ọ̀hún ti gbéra nílẹ̀, tó ń léfòó lọ sí òkè odò pẹ̀lú òun lórí ẹ̀, lọ́nà jẹ́jẹ́.

Báyìí ni àwọn aṣèbẹ̀wò ẹgbẹ́ ṣe dé bá a. Bàbá kan ni àti ọmọbìnrin kan. Bí wọ́n bá rí i pé irọ́ ni àwọn yàrá wọ̀nyí, wọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Alábòójútó ilé tó ń mú wọn kiri ń làágùn yọ̀bọ̀. Bàbá náà ò bèèrè ìwé, kò bèèrè nǹkan kan. Bó bá ti wọ yàrá, àtẹ́lẹwọ́ ló ń gbé lé ìjókòó àga.

"Èyí tutù," ó ní.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ jẹun ni, sà," alábòójútó dáhùn.

"Èyí náà tutù."

"Àwọn náà lọ jẹun, sà."

"Gbogbo wọn?"

"Oúnjẹ ọ̀hún dùn lónìí, sà."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Wọ́n ń ṣe báyìí títí wọ́n fi dé yàrá etí odò. Alága dìde kí wọn. Bàbá gbé ọwọ́ lé àga, ó sì gbóná. Ó tún gbé e lé e. Ó gbóná dáadáa.

"Màmá, kí ni ilé-iṣẹ́ yín ń ṣe?"

Gbólóhùn òtítọ́ wà létè Alága, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ó wo afárá lójú fèrèsé. Oyún inú kì í dúró de ìpàdé àwọn àgbààgbà.

"Bàtà ni, sà."

"Mi ò rí bàtà kankan níbí."

"Wọ́n wà lẹ́sẹ̀ àwọn èèyàn, sà."

Ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé bàbá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló ń rán wọn?"

"Ọkọ ọmọ mi wà lára wọn," ó ní, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Kò tíì purọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ irọ́ ńlá ló pa yẹn.

"Ó dáa," bàbá ní. "Ibí ni mo ti kọ́kọ́ rí èèyàn tó ń ṣiṣẹ́."

Wọn ò lé orílẹ̀-èdè náà kúrò lẹ́gbẹ́. Rédíò ní wọ́n ti sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ winniwinni, wọ́n fi ọkọ̀ aládùúgbò gbé ọmọ náà kọjá lórí afárá, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró. Ó bí obìnrin, làńtilanti. Ilé ìwòsàn náà mọ́ tónítóní, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì pọ̀ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọlu ara wọn. Aránbàtà ò mọ ibi tó máa gbé ayọ̀ sí. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ní, "Ẹni yòówù tó kọ́ ilé yìí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ríbi!"

Ìyàwó rẹ̀ ṣe àmín. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣe àmín.

"Màmá, ẹ ò ṣe àmín?" ọmọ rẹ̀ bi í.

Ó gbìyànjú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò là. Nọ́ọ̀sì jáde lọ. Nígbà náà ló sọ pé, "Bàtà yín ló kọ́ ọ. Owó tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ yín ni. Èmi ni mò ń jókòó sínú yàrá yẹn. Èmi ni, ọmọ mi. Ẹ dárí jì mí."

Aránbàtà rọra gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, mo ti ṣépè."

"Èpè kí ni?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé ìgbẹ̀bí pa. Mo dúró lójú fèrèsé, mo wo iná yẹn. Mo ní ẹni tó ń jókòó síbẹ̀, ọmọ ẹ̀ ò ní í ríbi bímọ sí. Mo ní bó bá bí i, kò ní í gbé e sùn." Kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti fa ọmọ mọ́ra.

Màmá dìde. Ó fà á lọ́wọ́ wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ líle náà lé ìyàwó rẹ̀ lórí.

"Fi ẹnu ara rẹ gbà á padà," ó ní. "Nísinsìnyí."

"Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀…"

"Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀," Màmá tún un ṣe.

Ó gbójú sókè wò ó. Omi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

"Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ó ní, "ọmọ ẹ̀ á ríbi bímọ sí. Á gbé e sùn. Á gbé e jí."

Màmá ṣe àmín.