Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Dé Ojú Ìlà

Kò-dun-ni ni àwọn aláìsàn sọ arábìnrin tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù wa, torí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Àánú ló pọ̀ lójú rẹ̀ jù. Bó bá rí ẹni tí àìsàn ti fà gbẹ, ìdajì ìgò ló máa ń fà. Mo ti sọ fún un rí pé àṣejù ni baba àṣetẹ́, ó kàn fi mí rẹ́rìn-ín ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kafíńtà tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì ló ń lò. Bó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ á tún dì, ó sì lè gbéra láti ẹsẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá pọ̀ jù, ọgbẹ́ kékeré lásán, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá. Àyẹ̀wò ló ń sọ iye tó yẹ ẹ́.

Èsì dé: ẹ̀jẹ̀ ń pẹ́ jù kó tó dì. Dókítà dín oògùn kù. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, bákan náà ni. Ó tún dín in. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń wú sí i. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kò fẹ́ dì, kí ló wá ń dì lẹ́sẹ̀? Dókítà wo èsì, ó wo ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ìyàwó kafíńtà ní ayé ló ń ṣe ọkọ òun. Kò-dun-ni ní àfi bí ẹ̀gbọ́n òun bá ń da oògùn nù. Èmi tí mo ń kọ káàdì, ó tojú sú mi pátápátá.

Nígbà tí wọ́n fa ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ gbé ìgò náà sókè, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ojú ìlà tó wà lára ìgò, ó bi wá pé ta ló fà á. Omi oògùn díẹ̀ ti wà nínú ìgò tẹ́lẹ̀, ó ní, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì lójú ọ̀nà. Tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn á fi ohun tó ń mú un dì sí i, àwọn á wá wo bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀jẹ̀ tó dé ojú ìlà ni wọ́n wọn omi náà fún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín, omi á borí rẹ̀, dídì á pẹ́, a ó sì rò pé ara aláìsàn ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ó yẹ kí àwọn ọmọọṣẹ́ òun ti dá ìgò méjì àkọ́kọ́ padà.

Inú bí mi sí Kò-dun-ni, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí. N kò mọ èyí tí ǹ bá mú.

Ó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹlòmíì wá fà á. Kafíńtà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ó wá na apá sí i.

"Èmi ni kó o ṣàánú, àbúrò mi, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi. Fà á kún."

Ó fà á. Omijé ò jẹ́ kó rí ojú ìlà náà. Èmi ni mo ń bá a wò ó.