Òòyì Tó Fẹ́ Gba Ìwẹ̀ Ọmọ Lọ́wọ́ Mi

Mo kọ́kọ́ rò pé tírélà ló mi ilé. Ní Ìjù níbí, tí wọ́n bá ń gbé ẹrù ilé iṣẹ́ kọjá, bẹ́ẹ̀dì máa ń gbọ̀n díẹ̀, a kì í sì í kà á sí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo yí sí apá ọ̀tún kí n lè dìde, àjà ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ bí omi. Fèrèsé tẹ̀ lé e, aṣọ tó wà lára ìṣó tẹ̀ lé fèrèsé. Mo pe ọkọ mi, ohùn ara mi sì jìnnà sí mi bí ẹni pé yàrá kejì ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Kí ó tó dé, mo ti bì.

Òòyì ni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń fi ṣeré, a ó máa pòòyì títí a ó fi ṣubú, a ó sì rẹ́rìn-ín. Eléyìí kò ní ẹ̀rín nínú. Tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, ara mi dá. Tí mo bá wòkè, tí mo tẹríba, tàbí tí mo yíjú sí ọ̀tún, ayé á bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀. N kò lè lọ síbi iṣẹ́ mi ní Sàngó mọ́, níbi tí mo ti ń di bisikíìtì sí páálí, nítorí iṣẹ́ à-ń-bẹ̀rẹ̀-à-ń-nàró ni. Orí àga ni mo ti ń kírun, orí àga náà ni mo sì ń sùn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni Kúdí. Kúdírátù ni àkọ́bí mi, ó wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Itele pẹ̀lú oyún àkọ́kọ́ tó ti wọ oṣù ìbímọ. Ní ìdílé wa ní Ọ̀tà, ìyá ló ń lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀. Ìyá mi ló wẹ Kúdí. Ìyá tirẹ̀ ló wẹ èmi. Èèyàn á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ lé e, á sì tẹríba. Ẹni tí àjà ń ṣàn lójú rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ di ọmọ tí ọṣẹ wà lára rẹ̀ mú? Nínú oorun orí àga, mo máa ń rí ọmọ náà tó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í dé ilẹ̀. Ó kàn ń bọ́ lọ ni.

Gbogbo èèyàn ló ṣàánú mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ló tán lára mi, ó gbé ògùn ẹ̀jẹ̀ wá. Ọkọ mi fi ìrọ̀rí há mi lọ́rùn lọ́tùn-ún lósì, ó ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé kí wọ́n má jẹ́ kí n mirí. Mo gbádùn ìkẹ́ náà, n kò ní parọ́. Ìró ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ á máa wọlé láti òkèèrè bí ìyá tó ń kùn sétí ọmọ, èmi á sì wà láàárín oorun àti ojú lílà.

Nígbà tó yá, a lọ sí ọsibítù. A pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Táìlì kan ṣoṣo ni mo tẹjú mọ́. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, gbogbo rẹ̀ dára. Dókítà bi mí bóyá ẹnu mi wọ́, bóyá apá kan ara mi kú, bóyá ọ̀rọ̀ ń lọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí òòyì bá bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rìn, ẹ má jókòó sílé. Ọsibítù ni kí ẹ sáré lọ. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní inú etí lọ́hùn-ún, òkúta wínníwínní wà níbẹ̀ tó kéré ju iyanrìn lọ, òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ bóyá a dúró tàbí a dùbúlẹ̀. Tèmi ti ṣí kúrò láyè rẹ̀, ó ti bọ́ sínú ihò tóóró olómi kan. Bí mo bá ti mirí, á yí, á sì máa parọ́ fún ọpọlọ pé ara ń yí.

Kò sí ògùn mímu tó lè dá a padà. Ó fà mí lé onífisiọ lọ́wọ́, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ yí ara aláìsàn láti tọ́jú rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju Kúdí lọ.

“Mọ́mì, apá ọ̀tún tó ń bà yín lẹ́rù yẹn gan-an la máa gbé orí yín lọ. Ẹ máa lajú yín, ẹ ò sì ní dìde.”

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó gbé mi dùbúlẹ̀, ayé fò, mo já ara mi gbà, mo wọ bàtà mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé n kò padà síbẹ̀ mọ́.

Kúdí ló wá kí mi. Ó jókòó ti ẹsẹ̀ mi, ó ní ìyá ọkọ òun ti ṣetán láti wá wẹ ọmọ. “Màámi, ẹ má da ara yín láàmú. Àmọ́ ẹ̀yin ni mo fẹ́.” Kò sunkún, èmi ni mo sunkún. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹ̀rù náà dání lọ sí ọsibítù bí mo ṣe gbé báàgì mi.

Ọkọ mi di ẹsẹ̀ mi mú. Ọmọbìnrin náà yí orí mi sí ọ̀tún, ó sì gbé mi dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àjà ṣàn. Mo ní “Bísímílà,” mo lajú. Fáànù di méjì, ó di mẹ́ta, ògiri ń lọ, ń lọ. Mo fẹ́ dìde, n kò dìde. Nígbà náà ni mo rí ohun tí n kò rí rí: ògiri ń falẹ̀. Fáànù padà di ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sá kí ó tó parí, ìyẹn ni mo ṣe rò pé kò lópin. Ó yí orí mi sí òsì, ó fi mí dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n rọra jókòó. Ó ní òkúta náà ti ń lọ sílé.

Kò tán lẹ́ẹ̀kan. A tún padà lọ, ara mi sì ń fì fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ó lè tún dé lọ́jọ́ mìíràn. Tó bá dé, mo mọ ọ̀nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun àti lọ́wọ́ àwọn tó dì mí mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ etí mi pàápàá, tó ti ń mú mi dúró láti kékeré láìjẹ́ pé mo kí i rí.

Kúdí bí obìnrin. Láàárọ̀ ìwẹ̀ àkọ́kọ́, mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ọmọ lé e. Kúdí jókòó tì mí, ó na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ọmọ. Mo rí i, mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo tẹríba sí ọ̀tún láti bu omi, ilé dúró síbi tó wà. Mo fọ orí, mo fọ abẹ́ ọrùn, mo na apá. N kò jù ú sókè o, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe; ìgboyà mi kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ń ké, oru omi ń fẹ́ sí wa lójú. Nígbà tí mo gbórí sókè pé kí Kúdí na aṣọ ìnura sí mi, ó ti ká ọwọ́ rẹ̀ lé itan, ó fara ti ògiri, ó ti sùn lọ.